Ẹ̀ṣọ́, Kì í Ṣe Èso

Lọ́jọ́rú ni mo gba àtúnṣe tuntun sórí Línúùsì mi,
mo ní kó sùn, kó jí.
Ó jí lóòótọ́, àmọ́ ojú rẹ̀ dúdú bí ìdí ìkòkò,
ó ń bi mí lẹ́nu ọ̀nà pé, ìwọ ta ni?
Èmi ni.
Èmi tí mo pín ikùn rẹ sí mẹ́ta,
tí mo ti ìpín kẹta pa
nítorí àwòrán ilẹ̀ Olódó wà níbẹ̀,
òkúta ààlà mẹ́rìndínlógún, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀,
àwọn ọmọ bàbá kan náà sì ń pàdé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta
láti mọ ẹni tó kọ́ ṣọ́ọ̀bù lé ilẹ̀ ẹnìkejì.

Mo tẹ ọ̀rọ̀ ìwọlé: ẹ̀ṣọ́ ilé kì í sùn.
Ó ní rárá.
Mo tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń bọ́ ọmọ aláìsàn. Rárá.
Mo fi ìbínú tẹ̀ ẹ́. Ó ní kò sí kọ́kọ́rọ́ tó bá a mu.
Ìràwọ̀ nìkan ló ń tò lójú rẹ̀,
ìràwọ̀ kan fún lẹ́tà kan;
ta ló lè wo ìràwọ̀ kó mọ̀ bóyá ó ní àmì nísàlẹ̀?

Lóru, ìbẹ̀rù mú mi:
bóyá orí díìsìkì ló bàjẹ́,
ibi tí kọ́kọ́rọ́ gan-an ń sùn sí,
n kò sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ rí,
èmi tí mo máa ń kìlọ̀ fún oníbàárà
pé ìwé ilẹ̀ kì í jẹ́ ẹyọ kan.

Dúródọlá ọmọ Ọ̀ṣúnkúnlé wá láti Agbówó,
báàgì rẹ̀ kún fún wáyà, bàtà rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀ Ṣáṣá.
Kò fọwọ́ kan nǹkan kan. Ó ní, "Ẹ sọ ọ́ sí mi létí."
Mo sọ ọ́.
"Níbo lẹ ti ń rí àmì ìsàlẹ̀?"
Mo fi bọ́tìnnì ọwọ́ ọ̀tún hàn án, èyí tí mo ń dì mú
kí e tó di ẹ, kí s tó di ṣ.
Ó rẹ́rìn-ín. "Bọ́tìnnì yẹn kò tíì jí lẹ́nu ọ̀nà.
Àtúnṣe yín ti ká àtẹ Yorùbá kúrò,
ó fi ti Amẹ́ríkà síbẹ̀.
Ẹ ń pe ẹ̀ṣọ́, èso ló ń gbọ́.
Èso ilé! Ta ní ń ṣílẹ̀kùn fún èso?"

Mo rántí Ìyá Àgbà lẹ́yìn Ọjàaba,
tí ahọ́n rẹ̀ kò gba ṣ títí tó fi sùn:
isu ni iṣu, asọ ni aṣọ,
Sijúadé ló pe èmi Ṣijúadé.
A kì í tìlẹ̀kùn mọ́ ọn.
A óò dáhùn, a óò gbé isu wá, iná á sì jó lábẹ́ ìkòkò.
Ẹ̀rọ yìí gba ahọ́n Ìyá Àgbà,
kò gba etí wa.

Dúródọlá ki fláàṣì bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́,
ó gba ẹ̀yìnkùlé wọlé,
ó kọ́kọ́ dá Yorùbá padà sí bọ́tìnnì
kó tó ní kí n tún un tẹ̀.
NEPA múná lọ. Bátìrì ku díẹ̀ kó kú.
Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀ fún ìwọ̀n èémí méjì,
lẹ́yìn náà Olódó là sílẹ̀ gbalaja,
òkúta mẹ́rìndínlógún, kò sí èyí tó rìn.

Ó ṣe ẹ̀dà orí díìsìkì, ó ní kí n gbé e sí ilé mìíràn.
Ó fẹ́ kí n pa ọ̀rọ̀ náà dà sí nọ́ńbà lásán,
ohun tí gbogbo ẹnu ọ̀nà ń gbọ́.
Mo ní rárá, kọ́ ẹnu ọ̀nà lédè.
Ó jókòó, ó kọ́ ọ: ìlà kan péré nínú fáìlì kékeré,
àti àṣẹ kan tó pẹ́ bí arúgbó tó ń jẹ eegun.

Nígbà tí iná dé, mo tẹ rìsíìtì fún un.
Ó kà á, ó dá a padà.
"Ẹ̀yin náà, Mà," ó ní,
"Osunkunle lẹ tẹ̀ síbẹ̀."